Ayétòrò àti Ọwọ́ Tí Ń Tún Ẹ̀rọ Ṣe

Òwe méjì ni àwọn àgbà fi sílẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Èkíní ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Èkejì ni pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé lóde òní, bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ohun tí a ń to ìkòkò lé lórí, ìyá ilé a sì padà sí ìdí ọpọ́n. Àwọn kan a ní ẹ̀rọ òyìnbó kò bá ilẹ̀ wa mu. Ìtàn etí òkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò bẹ̀rẹ̀ bí awo tí kò ṣeé tú palẹ̀. Ní 1767, Jacob Christian Schäffer, àlùfáà kan ní Regensburg ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí a ń fi ọwọ́ yí. Ní 1851, James King gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún èyí tí ó ní ìlù tí ń yí. Ní nǹkan bí 1908, ilé iṣẹ́ Hurley ní Chicago gbé Thor, tí iná mànàmáná ń yí, wá sí ọjà. Nígbà tí ó di 1937, Bendix ti dé, èyí tí ń fọ aṣọ, tí ń ṣàn án, tí ó sì ń fún un fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá tú gbogbo wọn wò, nǹkan mẹ́ta ni a ó bá níbẹ̀: ohun tí ń yí, ohun tí ń mú un yí, àti ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́ta yìí ti mọ ibi tí àrùn ẹ̀rọ ń sá pamọ́ sí.

Etí òkun Ìlàjẹ kì í ṣe ibi ìrọ̀rùn fún irin. Òkun wà níwájú, irà wà lẹ́yìn, orí òpó ni a sì ń kọ́ ilé pátákó sí. Atẹ́gùn òkun a máa gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ a sì mú kí irin tètè dógùn-ún. Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi iyọ̀. Ìdí nìyí tí omi òjò fi níyì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fọ aṣọ. Níbẹ̀ ni àwọn Ìlàjẹ kan, tí wọ́n ń sá fún inúnibíni nítorí ìgbàgbọ́ wọn, ti tẹ Ayétòrò dó ní 1947.

Ohun ìní wọn jẹ́ ti àpapọ̀. Owó ẹja àti ti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo bọ́ sí àpò kan, láti inú àpò náà ni a sì ti ń bọ́ ará ìlú, tí a ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tí a ń fún wọn ní ilé. Iṣẹ́ pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka: ọkọ̀ kíkàn, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, aṣọ híhun, bàtà ṣíṣe, búrẹ́dì àti ìfọṣọ. Ní 1953, iná mànàmáná tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ojú omi ni a ń gbà dé ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní irú ibẹ̀, a kò lè ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì ìgboro kí ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ìlú bá rà, ẹnì kan nínú ìlú ní láti mọ bí a ti ń tú u. Nítorí pé kì í ṣe owó iṣẹ́ ni ẹni náà ń jẹ, kò sí èrè fún un nínú fífi ìmọ̀ pamọ́.

Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó ṣe ìwádìí ní ìlú náà, tí ó sì fi orúkọ mìíràn pè é nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1977, gbà pé ètò àpapọ̀ yìí gan-an ni orísun ọrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láti 1968 ni a ti fi àyè sílẹ̀ kí oníkálukú dá òwò tirẹ̀ ṣe. Àyípadà náà ní èrè tirẹ̀. Ènìyàn ń fẹ́ ní ohun tí yóò pè ní tirẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹrù àtúnṣe rẹ̀ náà di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀rúndún yìí, òkun tún ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó kò lè kó ilé iṣẹ́ dání, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ a máa bá a lọ.

Nítorí náà, kí ni onílé lè ṣe? Ẹ wo ẹ̀rọ ìfọṣọ olójú méjì tí ó wọ́pọ̀, tí ojú kan rẹ̀ ń fọ aṣọ, tí èkejì ń fún un. Bí kò bá kùn rárá, púlọ́ọ̀gì, fíùsì àti wáyà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní etí òkun, iyọ̀ a máa jẹ ẹnu wáyà títí yóò fi bò fún ìpáàdì funfun tàbí àwọ̀ ewé. Bí ó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí kò yí, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti yọ, tàbí pé kapásítọ̀ tí ń ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí ti bàjẹ́, tàbí pé iná jẹnẹrétọ̀ kò lágbára tó. Bí omi kò bá jáde, kí a wo rọ́bà ìdaminù bóyá iyanrìn àti òwú ti dí i.

Kí a tó tú ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa iná nìkan kò tó. A ó da omi inú rẹ̀ nù, a ó sì kọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ẹnu kapásítọ̀, nítorí iná lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, iye tí a kọ sí ara tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Bí òórùn jíjóná bá ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ilé ti parí. Kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Níhìn-ín ni òwe méjèèjì ti pàdé. Ọwọ́ ara ẹni ni yóò tú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìmọ̀ náà ti wá. Ayétòrò fi ìlú ṣe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Níbi tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò bá sí mọ́, ta ni yóò gba iṣẹ́ náà? Ọ̀ràn tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò lé lórí nìyí. Ẹ̀rọ kan tí ó ti bàjẹ́ tó láti bẹ̀rẹ̀: kí a gbé e sí iwájú kíláàsì, kí a tú u, kí a máa fi Yorùbá sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ọmọ tí ó wò ó lè lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nílé.