Àlejò tàbí Onílé: Kòrónà Láàárín Ènìyàn àti Ẹranko

Kíka orúkọ ẹranko ti di iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ̀wé lórí bí ènìyàn ṣe kó àrùn kòrónà ran ẹranko. Wọ́n ka ajá Hong Kong ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n ka táígà ọgbà ẹranko Bronx ní oṣù kẹrin, wọ́n ka kìnnìún, ológbò àti ìnàkí. Bí wọ́n bá kà á tán, wọn a ní ara ẹranko wọ̀nyí ni ìrìn àrùn náà parí sí. Èmi kò gbà. Wọ́n ka orí ẹranko, wọn kò bèèrè ohun tí kòrónà ń ṣe lẹ́yìn tó wọlé.

Mo ya àkóràn àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára àkóràn onílé. Àlejò ni kòrónà nínú ajá: ara olówó rẹ̀ ló ti wá, kì í sì í sábà ti ibẹ̀ ran ajá mìíràn. Ó di onílé nígbà tí ẹranko bá ń kó o ran ẹgbẹ́ rẹ̀ láìsí ènìyàn láàárín. Àwọn kan fi gbogbo àlàyé ìyàtọ̀ yìí lé ACE2 lórí, ìyẹn èròjà ara sẹ́ẹ̀lì tí kòrónà ń dì mú láti wọlé. Òótọ́ díẹ̀ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. ACE2 ológbò gba kòrónà dáadáa. Ní yàrá ìwádìí, ológbò kó o ran ológbò. Síbẹ̀, ológbò ilé kò sọ ọ́ di àjàkálẹ̀, nítorí ológbò kan ṣoṣo nínú ilé kò rí ẹni tí yóò kó o ràn. Mink oko ọ̀sìn, ẹranko kékeré tí wọ́n ń sìn nítorí irun ara rẹ̀, ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà nínú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹranko ṣe ń gbé pọ̀ ló ń sọ àlejò di onílé.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń fò dá ni ti àgbọ̀nrín onírù funfun ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2021, a rí kòrónà nínú imú 129 nínú 360 tí a yẹ̀ wò. Wọ́n lè fèsì pé ó tó ìgbà mẹ́fà, ó kéré tán, tí àrùn náà ti ọ̀dọ̀ ènìyàn wọ àárín wọn, pé àlejò tó ń dé lemọ́lemọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ha lè bí 129 bí àgbọ̀nrín kò bá kó o ran ara wọn? Ó sì jọ pé onílé yìí lè padà sọ́dọ̀ ènìyàn: ní Ontario, ní Kánádà, kòrónà tó ti yí padà púpọ̀ lára àgbọ̀nrín jọ èyí tí wọ́n rí lára ẹnì kan tó súnmọ́ àgbọ̀nrín.

Ní ti Denmark, tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 pé kí wọ́n pa gbogbo mink, ìdí tí ìjọba gbé síwájú ló mẹ́hẹ. Wọ́n di Cluster 5 mú, ẹ̀yà kòrónà kan tó yí padà lára mink, èyí tí wọ́n rí lára ènìyàn 12, tí kò sì pẹ́ tó fi pòórá. Kò sí òfin tó fún wọn lágbára láti pa àṣẹ náà nígbà náà. Nítorí èyí, Mogens Jensen, mínísítà oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fipò sílẹ̀. Ìdí tó lágbára ti wà nílẹ̀ ní Netherlands: òṣìṣẹ́ oko kó kòrónà ran mink, mink dá a padà fún òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, owó tí à ń ná sórí àyẹ̀wò ajá àti ológbò ilé, ẹ jẹ́ ká kó o lọ sọ́dọ̀ àgbọ̀nrín àti oko mink.