Mayflower Ìkẹ́nnẹ́: Orúkọ Nìkan Kò Tó
Ẹ̀yin òbí ní Greenbelt tó ń ronú láti rán ọmọ lọ gbé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nílé, ẹ jẹ́ ká rántí Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́. Ní 1956 ni Táì Ṣólàárín àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọ, kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn ọmọ ń kàwé, wọ́n sì ń roko. Nígbà tó yá, ìjọba gbà á: orúkọ dúró, ẹni tó ni ín yí padà. Nítorí náà, ká tó san owó, ká bèèrè: ta ló ń darí ibẹ̀ lónìí? Ta ló ń tọ́jú ọmọ lóru? Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ibà kì í ṣàánú ọmọ tí a bí síhìn-ín.