Níbo Ni Wọ́n Ti Ka Ìbò Náà?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mi ní Mushin kì í yé bi mí bí ọdún ìbò bá ti dé: “Bàbá, ṣé ìbò tí à ń dì yìí tilẹ̀ ń ṣe nǹkan kan?” Èmi náà a máa fi ìbéèrè dá wọn lóhùn: “Níbo ni wọ́n ti fẹ́ kà á?” Wọ́n a bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1959, nígbà tí mo tẹ̀lé bàbá mi lọ dìbò ní Ìbàdàn. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n bàbá mi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi nígbà tí a dé ilé. Ìwé ìdìbò ìgbà náà kò ní àmì ẹgbẹ́ kankan lára. Àpótí ló ní àmì: ọ̀pẹ ti Action Group, àkùkọ ti NCNC, ọkọ́ ti NPC. Wàá gba ìwé, wàá wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta, wàá sọ ọ́ sínú àpótí ẹgbẹ́ tó wù ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní wàhálà. Ta ni kò mọ ọ̀pẹ? Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n dé ẹ̀yìn aṣọ náà, tí wọ́n ki ìwé bọ àpò, tí wọ́n jáde lọ tà á. Ẹni tó rà á a kó púpọ̀ fún ẹyọ èèyàn kan láti lọ dà sínú àpótí kan ṣoṣo.

Èyí tó wá burú jù ni pé bí ìdìbò bá parí, wọ́n á ti àpótí pa, wọ́n á gbé e sọ́kọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa kà á. Olùdìbò ti lọ sílé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà di ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọdún 1965 ló là wá lójú. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ́ ti Olóyè S. L. Akíntọ́lá ló ń bá UPGA du ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Kí ọjọ́ ìbò tó pé, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò kan ti fara pamọ́ kí àwọn ọmọ UPGA má baà rí ẹni gba ìwé orúkọ wọn; wọ́n sì kéde àwọn ọmọ Dẹ́mọ́ kan pé wọ́n ti wọlé láìsí alátakò. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, èsì tí àwọn kan gbọ́ níbi tí wọ́n ti kà á kọ́ ni rédíò sọ. Ó tán o! Pẹtiróòlù bẹ̀rẹ̀ sí í rin ilé, ó ń rin ọkọ̀, ó ń rin èèyàn: “wẹ́tíẹ̀” ni a ń pè é. Ìyá mi kó wa lọ sí oko. Ibẹ̀ la wà tí àwọn ṣọ́jà fi gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Ní 1979, àmì gbogbo ẹgbẹ́ ti wà lórí ìwé kan, a sì ń tẹ̀ka. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Hausa náà dìbò lọ́dún yẹn, ohun tí àwọn ìyá wa níhìn-ín ti ń ṣe tipẹ́. Síbẹ̀, ní 1983, wọ́n kéde Ọmọ́bọ́ríowó ní gómìnà Oǹdó, ìlú gbiná, kí ilé ẹjọ́ tó sọ pé Ajásin ló wọlé.

Ẹ wá wo ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1993. Láàárọ̀, wọ́n yẹ orúkọ wa wò. Lẹ́yìn náà a tò, a tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀, a ju ìwé sí àpótí lójú gbogbo ayé. Ẹṣin ni àmì Abíọ́lá, idì ni ti Tofa. A ò lọ sílé o! Wọ́n da ìbò sílẹ̀ níwájú wa, wọ́n ń kà á sókè, àwọn ọmọdé ń gbè é. Mo kọ èsì wa sẹ́yìn páálí sìgá. Nígbà tí Babangida wọ́gi lé gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà, páálí yẹn ṣì wà lápò mi. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rọ́ ìtàn fún wa pé a kò mọ ẹni tó wọlé. Abíọ́lá kú sínú àtìmọ́lé ní 1998. Ní 2018 ni ìjọba tó sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa.

Òfin ìdìbò ti 2022 tún kà á sí dandan: ibi tí a ti dìbò ni kí wọ́n ti kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n fún aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà. Ẹ̀rọ BVAS ń yẹ ìka àti ojú wò. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, àwòrán èsì ìbò ààrẹ tí wọ́n ní a óò tètè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ gan-an kó tó dé, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ pé ìyẹn kò tó láti da ìbò nù. Fọ́ọ̀mù orí tábìlì ló kù.

Lọ́jọ́ náà, mo gbé àpótí ìjókòó mi padà síbi ìdìbò nírọ̀lẹ́ fún kíkà. Èèyàn mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí ní ìbéèrè ti lọ wo bọ́ọ̀lù.