Ìfẹjọ́sùn lórí Ìyọlẹ́nu Ìbálòpọ̀ ní Fásitì Ilẹ̀ Nàìjíríà

Ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀ ní fásitì ni gbogbo ọ̀rọ̀, ìwà tàbí ìfọwọ́kàn tí olùkọ́, òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni fi ń wá ìbálòpọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò fẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ rírùn tí a sọ sí ọmọ ọlọ́mọ létí, títí dé orí ìfipábánilòpọ̀, tí í ṣe ọ̀ràn tí òfin ń fi ẹ̀wọ̀n san. Kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó ń bá, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń bá jù. Ẹ̀yà rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ti olùkọ́ tí ó fi máàkì ṣe ìdẹ, tí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé kárí-ófà ni tirẹ̀, ìyẹn ni pé yóò fìdí rẹmi, yóò sì tún iṣẹ́ náà ṣe, àfi bí ó bá gbà fún òun.

Fífi irú ẹjọ́ báyìí sùn kò rọrùn, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹni, olórí ẹ̀ka tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ àṣejáde ẹni wò ní ọdún ìkẹyìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ṣí ilẹ̀kùn sí. Ẹni tí a bá sì ní kí ó fẹ́ni lójú, ata ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ó tún burú sí i ni ìbéèrè tí àwọn àgbà, àní àwọn ìyá mìíràn pàápàá, máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ pé, "Kí ni ìwọ náà wá dé ọ́fíìsì rẹ̀?" Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ti pa ẹnu púpọ̀ mọ́ ju ìbẹ̀rù ìdánwò lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ẹjọ́ tí ó lórúkọ jù nínú irú èyí ni àwọn tí wọ́n gbé kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, tí etí mìíràn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti ọdún 2018. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ohùn kan jáde láti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni, tí ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ná iye ìgbà tí yóò bá a sùn kí ó tó lè yege, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ìgbà márùn-ún ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ká ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí fóònù. Fásitì gbé ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí dìde, wọ́n sì lé ọ̀jọ̀gbọ́n náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà. Àjọ ICPC, tí í gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, wọ́ ọ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé àjọ tí a mọ̀ mọ́ ẹjọ́ rìbá ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí a bá rò ó jinlẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó béèrè ohunkóhun lórí iṣẹ́ tí ìjọba ti san owó rẹ̀ fún un ti béèrè rìbá, ìbáà ṣe náírà, ìbáà ṣe ara ọmọ ọlọ́mọ. Bí kò bá sí ohùn tí ó wà nílẹ̀ yẹn ni, "mo sọ" àti "n kò sọ" ni ìbá kù.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni Kiki Mordi àti àwọn akọ̀ròyìn BBC mìíràn tún gbé fíìmù kan jáde lórí ìyọlẹ́nu ní Fásitì Èkó àti ti Legon ní ilẹ̀ Gánà, nínú èyí tí àwọn akọ̀ròyìn obìnrin ti dọ́gbọ́n ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, tí kámẹ́rà sì wà lára wọn. Mordi fúnra rẹ̀ ti sọ pé irú ìyọlẹ́nu báyìí ni ó lé òun kúrò ní fásitì. Fásitì Èkó ti yàrá kan pa ní ilé ìgbafẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, èyí tí fíìmù náà tú àṣírí rẹ̀, ó sì lé olùkọ́ méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2021.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn níláti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí a sọ, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ rò ó fún, kí ó má sì ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, bí ó ti wù kí ó kó o nírìíra tó. Ó yẹ kí fásitì bo orúkọ rẹ̀ láṣìírí, kí ó sì gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò. A kò sì gbọdọ̀ dí ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, ìwé òfin ọdún 1999 pàápàá sì fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ní ti òfin, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá kan ní oṣù Keje ọdún 2020, tí ó dá ẹ̀wọ̀n tó ọdún mẹ́rìnlá fún olùkọ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ta kò ó, wọ́n ní àwọn òfin tí ó wà nílẹ̀ ti tó. Òtítọ́ ni pé òfin wà, pàápàá èyí tí a ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ọmọnìyàn, ṣùgbọ́n òfin tí ẹni tí ó ń bẹ̀rù kò mọ ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìfipábánilòpọ̀ ni, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ sáré lọ. Oògùn tí í dènà àrùn HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí a kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín wákàtí 72, bí ó bá sì ti tètè yá tó ni ó dára tó. Kí ẹni náà má tíì wẹ̀, kí ó má sì fọ aṣọ tí ó wọ̀; inú bébà ni kí ó dì í sí, kì í ṣe inú náílọ́ọ̀nù, nítorí pé ọ̀rinrin inú náílọ́ọ̀nù máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ní ìlú Èkó, Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú àwọn tí a fipá bá lò pọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2013 nínú ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú àti ìtùnú ọkàn níbẹ̀. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ mìíràn, WARIF, tí Dókítà Kemi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀, náà wà ní Yábàá. Kò pọn dandan kí ẹni tí ó wá ìtọ́jú ti kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí kí ó ti pinnu bóyá òun yóò dárúkọ ẹnikẹ́ni.