Ẹ̀rọ Atamifọ̀: Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣí ibi ìfọkọ̀ sí ẹ̀bá títì kan n'Ìbàdàn. Iná mànàmáná ibẹ̀ kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ló ń wá, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo bá a dé ọjà. Ọlọ́jà gbé ọ̀kan síwájú wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 4,000 psi lèyí o." Ọmọ náà yíjú sí mi: "Bọ̀ọ̀dá, kí ló ń jẹ́ psi?" N kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fi dá a lóhùn. A kúrò níbẹ̀ láìrà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ, nítorí ẹni tí kò lè fi èdè ara rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà, ohun tí ọlọ́jà bá wí ni yóò rà.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ló wà nínú ilé ẹ̀rọ yìí? Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi ti jẹnẹrétọ̀ ló ń yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù gba omi, ó fún un mọ́ra, ó sì lé e jáde lójú ihò tóóró. Mo kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀rọ afipáfọ̀. Ṣùgbọ́n "fipá" ti bá ìwà ìkà rìn jù lédè wa: à ń fipá gba nǹkan, à ń fipá múni. Mo gbé afúnmifọ̀ wò, etí sì ń gbọ́ "fún mi" nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "ta" ni mo wá dúró lé. À ń ta ọfà, à ń ta omi síni lára. Ohun tí a bá ta, ibi tí a dojú rẹ̀ kọ ló ń lọ. Bí ẹ̀rọ amúnáwá ti ń mú iná wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ atamifọ̀ ń ta omi fọ nǹkan.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń fẹ́ orúkọ tuntun. Ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù àti púlọ́ọ̀gì ti di ọmọ ilé lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó ṣẹ̀dá "tòkunbọ̀" fún ọjà àlòkù òkè òkun. Orúkọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn odi ni aráàlú yá lò. Bí a bá sì pe ohun tí à ń dì mú ní ìbọn, ihò iwájú rẹ̀ kò ní orúkọ méjì: ẹnu ìbọn ni. Ẹnu tí a lè fi sí i ju ẹyọ kan lọ, àwọ̀ la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Pupa kò fẹjú rárá, omi rẹ̀ ń lọ ṣánṣán bí okùn, ó lè bó ọ̀dà ọkọ̀. Funfun ń fẹ omi dé ìwọ̀n 40 digírì, òun ló yẹ ara ọkọ̀. Dúdú wà fún ọṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gba owó ẹni sílẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a kò gbọdọ̀ fi rọ́pò ara wọn: ipá, ìṣàn, agbára. Ipá ni psi, bí omi ṣe ń tì tó. Ìṣàn ni iye lítà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ipá ń ṣí ẹrẹ̀ nídìí, ìṣàn ń gbé e lọ. Agbára ẹṣin tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ló sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ pín psi sí 14.5, ẹ ó rí bar, òṣùwọ̀n ipá mìíràn. Ẹ sọ bar náà di ìlọ́po iye lítà, kí ẹ pín èsì rẹ̀ sí 600: iye kílówáàtì tí omi náà ń gbà nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ọlọ́jà gbé wá ní 4,000 psi àti lítà 15 lára. Èyí ń béèrè kílówáàtì 6.9, ó lé ní agbára ẹṣin 9. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ju ẹṣin 6.5 lọ. Kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bar 200 pẹ̀lú lítà 10 kò gbà ju kílówáàtì 3.3 lọ, ẹ́ńjìnnì kan náà á gbé e, á tún ṣẹ́kù fún ohun tí pọ́ǹpù ń fi ṣòfò.

Olówó kékeré, pọ́ǹpù ni kó náwó lé. Èyí tí a lè tú, tí a lè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, sàn ju pọ́ǹpù adìpa lọ, nítorí èyí tí wọ́n dì pa, bó bá ti bàjẹ́, ó di jíjù nù. Kó bi ọlọ́jà léèrè fáàfù tí mo pè ní adámipadà: bí a bá dáwọ́ ìbọn dúró, òun ló ń dá omi padà sínú pọ́ǹpù. Bí omi yẹn bá yí ibẹ̀ pẹ́, á gbóná, á sì ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Òùngbẹ náà ń pa pọ́ǹpù: omi tí táńkì ń fún un gbọ́dọ̀ ju èyí tó ń mu lọ.

A padà sọ́jà lọ́sẹ̀ kejì. Ọlọ́jà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ka psi. Ọmọ náà dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣàn rẹ̀ ńkọ́? Lítà mélòó ní ìṣẹ́jú kan?" Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára irin, ó gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fa òmíràn jáde. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ti ìṣàn, èyí ló dáa fún ẹ."