Ìtàn Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Agbára Láàárín Ẹ̀dá-Ìtàn Àtọwọ́dá Nínú Eré Dungeons & Dragons

Ní ọdún 1974, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan, ẹgbẹ̀rún kan péré sì ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí TSR, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tẹ̀ jáde. Eré orí tábìlì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹnìkan ti ń jẹ ọmọ ẹnìkejì. Olúkúlùkù tó bá jókòó síbẹ̀ máa ń di ẹ̀dá-ìtàn kan, á máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, ẹnìkan tí í ṣe olùdarí eré á máa ṣàpèjúwe ayé inú ìtàn náà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, dáìsì ni yóò sì pinnu bóyá idà ba ọ̀tá tàbí ó tàsé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn tó ń ṣeré yìí ti ń fi ọwọ́ ara wọn dá oríṣi ẹ̀dá tí kò sí nínú ìwé, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè kan ti jáde tí kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ohun tí ẹnìkan dá fúnra rẹ̀ kò lágbára débi tí àwọn yòókù yóò fi di òǹwòran, tí kò sì lẹ débi tí ẹni tó ni ín yóò fi di ẹrù lọ́rùn ẹgbẹ́?

Eré náà gan-an, àtọwọ́dá ni. Ní ọdún 1969, ní agbègbè Minneapolis àti Saint Paul, David Wesely darí eré ogun kan tó pè ní Braunstein, níbi tí olúkúlùkù ti ń ṣe ẹnìkan ṣoṣo dípò kó máa darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ-ogun gẹ́gẹ́ bí àṣà eré ogun ìgbà náà. Arneson, tó bá wọn ṣe eré yẹn, gbé irú rẹ̀ lọ sí ayé àwọn oṣó àti ẹran abàmì nínú Blackmoor tirẹ̀, ó sì yá òfin ìjà lò láti inú Chainmail, ìwé òfin eré ogun tí Gygax àti Jeff Perren ṣe ní 1971. Inú Blackmoor ni ìṣòro náà ti kọ́kọ́ yọjú kedere. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣeré di amùjẹ̀, ìyẹn òkú tó ń rìn tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, Sir Fang ni orúkọ ẹ̀dá náà, agbára rẹ̀ sì ń ga títí ó fi di pé kò sí ẹni tó lè dojú kọ ọ́. Wọn kò lé e kúrò nínú eré, wọn kò sì gba agbára rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀, iṣẹ́ àlùfáà tí Mike Carr kọ́kọ́ ṣe, ẹni tó lè fi àmì ẹ̀sìn rẹ̀ lé òkú tó ń rìn sá, bí wọ́n ti máa ń ṣe nínú fíìmù amùjẹ̀. Nígbà tí ìwé 1974 jáde, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀dá-ìtàn, jagunjagun, oṣó àti àlùfáà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú òpó mẹ́ta tí eré náà dúró lé jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn dá láti fi ká ẹ̀dá aláṣejù kan ṣoṣo lọ́wọ́ kò. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, torí pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó tẹ̀ lé e gbàgbé pé a lè wá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nípa fífún àwọn yòókù ní nǹkan, láìjẹ́ pé a gba tọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwé 1974 kò ṣe ahun rárá. Ó sọ gbangba pé kò sí ìdí tí ẹnìkan kò fi lè ṣe irú ẹ̀dá yòówù tó bá wù ú, títí kan dírágónì pàápàá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dá náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àkókò ni owó tí wọ́n fi ń ra agbára nígbà náà. Ẹ̀dá-ìtàn máa ń gba máàkì ìrírí bó bá ṣẹ́gun ọ̀tá tàbí tó rí ìṣúra kó wálé, bí máàkì náà bá sì pé iye kan, á bọ́ sí ìpele tó kàn, níbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti le sí i tí ìjà tàbí ọfọ̀ rẹ̀ sì ti múná sí i. Jagunjagun nílò 2,000 kó tó dé ìpele kejì, oṣó nílò 2,500, àlùfáà nílò 1,500. Nígbà tí iṣẹ́ olè, tí èrò rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣeré ní ilé ìtajà kan ní Santa Monica ní ìpínlẹ̀ California, wọ inú ìwé àfikún tó ń jẹ́ Greyhawk ní 1975, 1,200 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ìjà ojúkojú kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe ènìyàn ní ààlà tiwọn: nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, aràrá tó ń ṣe jagunjagun kò lè kọjá ìpele kẹfà, èrò wọn sì ni pé ààlà yìí yóò san gbèsè àwọn àǹfààní tí aràrá bí mọ́ ara. Àléébù ètò yìí hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe eré náà fún ìgbà díẹ̀: ẹgbẹ́ tí eré rẹ̀ bá parí kí ẹnikẹ́ni tó dé ìpele kẹfà kò ní rí gbèsè náà gbà láé, aràrá á ti jẹ àǹfààní rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn iṣẹ́ àtọwọ́dá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Lee Gold dá Alarums & Excursions sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1975, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn tó ń ṣeré fúnra wọn ń kọ nǹkan sí tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn nínú rẹ̀; TSR náà ní The Strategic Review, níbi tí Joe Fischer ti gbé iṣẹ́ ranger jáde ní ọdún kan náà, ìyẹn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó tó sì mọ ipasẹ̀ ẹranko àti ọ̀tá. Iṣẹ́ ọdẹ yìí tọ́ sí kí a wò ó dáadáa. Ó ní ìlọ́po méjì ẹ̀mí ní ìpele kìíní, ó sì máa ń pa àwọn òmìrán àti irú wọn lára ju bí ẹlòmíràn ti lè ṣe lọ. Láti fi dí i, Fischer sọ pé kò gbọdọ̀ ní ohun ìní ju èyí tí òun àti ẹran tó ń gùn lè rù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ tó bá ju méjì lọ kò gbọdọ̀ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Lójú ìwé, ìyà ńlá ni. Ní ìdí tábìlì, ẹni tí kò ní ilé tí kò sì wá ọrọ̀ kò pàdánù ohunkóhun bí wọ́n bá ní kó má kó ọrọ̀ jọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ènìyàn márùn-ún kì í sábà nílò ọdẹ mẹ́ta. Agbára tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ìjà ni wọ́n fi ìfòfindè tó ṣọ̀wọ́n rà, àṣìṣe yìí sì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ìtàn iṣẹ́ àtọwọ́dá.

Nígbà tí Gygax kọ ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní Advanced, tí ìwé àwọn tó ń ṣeré jáde ní 1978 tí ti olùdarí eré sì tẹ̀ lé e ní 1979, ó ti yí ohùn padà: ó gba àwọn olùdarí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi tinútinú gba ẹran abàmì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá ẹni tó ń ṣeré. Ìwé ìròyìn Dragon wá ọgbọ́n mìíràn dá, ó ń tẹ àwọn iṣẹ́ tuntun jáde, ó sì ń kọ ọ́ sí i pé olùdarí eré nìkan ni wọ́n wà fún, gẹ́gẹ́ bó ti rí pẹ̀lú anti-paladin ti 1980, akọni oníwà ibi tí kò sí ìkìlọ̀ kankan tó lè dí àwọn tó ń ṣeré lọ́wọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún. Ní 1985 ni Gygax gbé Unearthed Arcana jáde, inú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ barbarian wà, jagunjagun inú ìgbẹ́ tó kórìíra idán. Máàkì 6,000 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìpele kejì, ìlọ́po mẹ́ta ti jagunjagun, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ bá oṣó rìn nígbà tó bá ṣì wà ní ìpele kékeré. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òfin yìí yóò rí i pé kì í ṣe barbarian ló ń san owó náà. Ẹni tó ń ṣe oṣó ló ń san án, torí òun ni wọn kò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rìn. Ìyà tí a gbé lé ẹlòmíràn lórí kì í ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìjà ni ó ń dá sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́.

Ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989 gbìyànjú láti fi ìṣirò yanjú ọ̀ràn náà. Ìwé olùdarí eré fi ọ̀nà kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, níbi tí a ti ń yan agbára kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ tuntun, tí agbára kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀; a ó ro àwọn nọ́ńbà náà pọ̀, a ó fi àròpọ̀ wọn sọ iye máàkì ìrírí di púpọ̀, bí iṣẹ́ náà bá sì ṣe lágbára tó ni ìgòkè rẹ̀ yóò ṣe falẹ̀ tó. Ní 1995, Skills & Powers gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, ó fún olúkúlùkù ní máàkì tí yóò fi ra agbára iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nájà. Irú ọ̀nà yìí dùn mọ́ ọkàn, torí pé ó jọ òdodo, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ ìṣirò. Agbára méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan lè di ńlá nígbà tí wọ́n bá pàdé lára ẹ̀dá kan, kò sì sí àtẹ iye kan tó lè mọ gbogbo ìpàdé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wizards of the Coast ra TSR ní 1997, wọ́n sì gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà tó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ìkíní ni ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ Open Game License, tó fún ẹnikẹ́ni láàyè láti lo òfin eré náà nínú ìwé tirẹ̀ kó sì tà á, èyí tó sọ iṣẹ́ àtọwọ́dá di òwò. Ìkejì ni pé gbogbo iṣẹ́ wá ń lo àtẹ máàkì ìrírí kan náà, ìyẹn ni pé owó àtijọ́, àkókò, di èyí tí a kò lè ná mọ́. Wọ́n fi iye ìpele rọ́pò rẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà tó lágbára. Drow, ẹ̀yà elf (ẹ̀dá ìtàn àròsọ tó jọ ènìyàn) tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, jẹ gbèsè ìpele méjì, nítorí náà oṣó drow tó ní ìpele mẹ́ta ni wọ́n kà kún ẹgbẹ́ oṣó ènìyàn tó ní ìpele márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìpele karùn-ún ni oṣó ti máa ń gba ọfọ̀ bọ́ọ̀lù iná. Bí oṣó ènìyàn ti ń sun odindi agbo ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, oṣó drow kò tíì mọ ọfọ̀ yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ sì kéré débi pé ohun tó kan ẹgbẹ́ rẹ̀ lára lè pa òun. Wọ́n fi gbèsè tì í lulẹ̀ ní orúkọ ìdọ́gba.

Pathfinder, eré tí ilé-iṣẹ́ Paizo gbé jáde ní 2009 lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀dà kẹta, padà sí máàkì nínú ìwé rẹ̀ ti 2012 lórí àwọn ẹ̀yà. Ìwé náà sọ pé ẹ̀yà lásán kò gbọdọ̀ ju máàkì 10 lọ, ó sì díye lé àwọn ẹ̀yà tó ti wà: ènìyàn gba 9, elf gba 10, aràrá gba 11. Aràrá tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe láìsí ẹ̀sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kọjá ààlà àtẹ tí wọ́n ṣe láti wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀dà karùn-ún Dungeons & Dragons, ti 2014, ló fi ìpìlẹ̀ tó dára jù lélẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá nǹkan. Àfikún tí ẹ̀dá ń rí nípa ìmọ̀ṣẹ́ rẹ̀ sórí dáìsì olójú ogún bẹ̀rẹ̀ láti 2, kò sì ju 6 lọ títí dé ìpele ogún, nítorí náà àfikún kan ṣoṣo níyì bákan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Ìwé olùdarí eré tún fi àtẹ síbẹ̀ fún ọfọ̀ tuntun: ọfọ̀ onípò kẹta tó ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀tá yẹ kó lo dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́fà, ìyẹn 21 ní ìpíndọ́gba. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù iná inú eré náà fúnra rẹ̀ ń lo mẹ́jọ, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 28, èyí tó fi hàn pé ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù iná ṣe òṣùwọ̀n ọfọ̀ tirẹ̀ yóò kọjá ààlà láìmọ̀. Ọ̀ràn aarakocra ti 2015, ẹ̀yà abìyẹ́ tó ń fò láti ìpele kìíní, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọfọ̀ fífò kò tó oṣó lọ́wọ́ títí di ìpele karùn-ún. Kò yani lẹ́nu pé Adventurers League, ètò eré ìta gbangba ti Wizards, kò gbà á wọlé.

Láti 2015 ni Wizards ti ń gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí síta kí gbogbo ènìyàn dán an wò kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Iṣẹ́ mystic, tí í ṣe ti àwọn tó ń lo agbára inú ọkàn, lọ sí ìdánwò yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ títí di 2017, wọ́n sì pa á tì nígbẹ̀yìn. Ọdẹ inú ìwé 2014, tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ ọdẹ Fischer, gba ìdánwò àtúnṣe ní 2016 torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò lágbára tó, ó sì di 2020 kí ìwé Tasha's Cauldron of Everything tó fún un ní àfikún tó ṣe é lò. Bí àwọn tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ fún bá ń pẹ́ tó báyìí kí wọ́n tó rí i ṣe, kò sí ìtìjú fún ẹni tó ń dá tirẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá wọ́. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn léraléra ni pé gbígbé iṣẹ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kan tó ti wà, ìpele sí ìpele, kí a sì ṣe é ní ìdí tábìlì pẹ̀lú àwọn tí yóò bá a rìn, ṣe ìrànwọ́ ju gbogbo àtẹ máàkì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ètò láti yí ìwé àṣẹ ti 2000 padà ti dá ariwo ńlá sílẹ̀, Wizards fi ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí wọn kò lè gbà padà mọ́, ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yòówù sì lè kọ iṣẹ́ àti ẹ̀yà tirẹ̀ lé e lórí báyìí, kó sì tà á.