Àjẹ́ Inú Tẹlifíṣọ̀n àti Àwọn Òǹwòran Ìgbèríko Ìbàdàn

Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni mo gbé wá, nítorí pé eré orí tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá fojú tín-ín-rín eré tí àwọn ènìyàn ń wò kò lè mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù, kò sì lè mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ìbéèrè mi nìyí: kí ló dé tí àwọn tí kì í fẹ́ pe àjẹ́ lórúkọ, tí wọ́n máa ń sọ pé “ayé” tàbí “àwọn ìyá wa” dípò rẹ̀, fi ń fi ìdùnnú jókòó wo àjẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n?

1. Bí Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Dé Abà

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pẹ́ tí àwọn eléré Yorùbá fi rí i pé pápá tuntun ṣí sílẹ̀ fún wọn. Moses Ọláìyá, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti Dúró Ládiípọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbé eré wọn láti orí ìtàgé wá sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1977 ni ó sọ ilé-iṣẹ́ náà di apá kan NTA.

Àgbẹ̀ tí ó ń dáko ní agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà sábà máa ń ní agboolé ní ìgboro Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó ti ń wá ṣe ọdún, tí ó ti ń gbéyàwó, tí ó sì ti ń sìnkú. Ní irú agboolé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará oko ti kọ́kọ́ fojú kan tẹlifíṣọ̀n. Ní abà tí kò sí iná mànàmáná, bátìrì mọ́tò tàbí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà, ìta gbangba ni wọn a sì gbé e sí. Mo ti jókòó lórí àpótí láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá Lálúpọn. Bí eré bá jẹ́ ti ẹ̀rín, àwọn ọmọdé a máa pariwo. Bí àjẹ́ bá ti yọjú, gbogbo ìta a pa rọ́rọ́, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í dìde lọ sùn.

2. Ohun Tí Ojú Kò Rí

Òwe wa kan sọ pé: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ jẹ́ kí a yẹ òwe yìí wò bí a ti ń yẹ ẹ̀rí wò. Ohun méjì péré ni a mọ̀ dájú: igbe kan dún, ọmọ kan kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Àlàfo yìí ni sinimá àti tẹlifíṣọ̀n wá dí.

Hubert Ògúndé, tí ó ti ń ṣe eré láti ọdún 1944, gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Jáyésinmi tẹ̀lé e. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, oníṣègùn rere tí ó dojú kọ ẹgbẹ́ àjẹ́. Orúkọ fíìmù àkọ́kọ́ yẹn ní ìtumọ̀ méjì: ayé tí a ń gbé ni, àwọn tí a kì í dárúkọ náà sì ni. Ní àwọn ọdún 1980, Jímọ̀ Àlíù gbé Àrélù wá sí orí tẹlifíṣọ̀n, eré tí ó sọ Fádèyí Olóró àti Òrìṣàbùnmi di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Mo rí ìdí mẹ́ta tí irú eré wọ̀nyí fi ń fa ènìyàn mọ́ra. Èkíní ni pé òǹwòran wọ inú ìpàdé òru tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí. Ó gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú kí ẹni náà tó fura. Èkejì kan àwọn obìnrin. Ẹni tí ó ń sin ọkọ àti ìyá ọkọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ rí obìnrin bíi tirẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ń gbọ̀n níwájú rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ gbádùn èyí, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ẹ̀kẹta ni pé ìṣẹ́gun dájú. Àìsàn tí ń pa kòkó, owó tí ń dànù, ọmọ tí ń kú, kì í sábà ní àlàyé tí ó tẹ́ni lọ́rùn. Nínú eré, kí a tó pa ẹ̀rọ, a ti mọ ọ̀tá, ọ̀tá sì ti ṣubú.

3. Àjẹ́ Òkè Òkun

Àwọn òyìnbó náà fẹ́ràn àjẹ́ nínú eré. Nínú Snow White tí Walt Disney ṣe ní 1937, ayaba kan sọ ara rẹ̀ di arúgbó tí ó gbé èso olóró lọ́wọ́. Ní 1939, Margaret Hamilton ṣe àjẹ́ aláwọ̀ ewé nínú The Wizard of Oz. Ní 1954, Witch Hazel wọ inú àwòrán eré Bugs Bunny láti pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Láti 1964 dé 1972, Samantha inú Bewitched jẹ́ ìyàwó ilé tí ó rẹwà, tí ó kàn ń mi imú kí iṣẹ́ tó di ṣíṣe.

Ẹ̀rín yìí ní ìtàn. Ní Salem ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 19 ni wọ́n yẹgi fún ní ọdún 1692 lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Ní ọdún 1735, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí ìdájọ́ ikú lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Disney fi máa ya arúgbó rẹ̀, ó ti lé ní igba ọdún tí ilé-ẹjọ́ wọn ti jáwọ́. Ohun tí kò lè pa aládùúgbò ẹni mọ́ ni a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òǹwòran tiwa kò tíì dé ibẹ̀.

4. Ẹni Tí Ó Ń Ru Ẹrù Náà

Kì í ṣe pé ibi nìkan ni àwọn baba wa rí nínú agbára àwọn ìyá. Ní Kétu àti àyíká rẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń tù wọ́n lójú, tí wọ́n sì fi ń yẹ́ wọn sí, nítorí pé ẹni tí ó lè pa náà lè fúnni ní ọmọ. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2001. Tẹlifíṣọ̀n mú apá ikú, ó sì fi apá ìbùkún sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, eré àwọn onígbàgbọ́, irú Agbára Ńlá ti Mike Bámilóyè, fi ajíhìnrere sí ipò tí Ọ̀ṣẹ́túrá wà tẹ́lẹ̀. Aṣẹ́gun ti yí padà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ eré tí ó tẹ̀lé e, ìyá àgbà ṣì ni ẹni tí a ń ṣẹ́gun.

N kò sọ pé tẹlifíṣọ̀n ni ó dá ẹ̀sùn àjẹ́ sílẹ̀. Ní 1950 sí 1951, nígbà tí kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n níbí, àwọn Atinga gba Dahomey wọ Kétu àti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, wọ́n ń tọ́ka sí àwọn obìnrin, pàápàá àwọn àgbà, pé àjẹ́ ni wọ́n, títí ìjọba fi dá wọn lẹ́kun. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sì sọ pé ẹni tí ó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi kún un ni àwòrán. Ẹni tí kò rí nǹkan kan rí nínú òru gbà báyìí pé òun ti rí i, ó sì mọ bí ojú rẹ̀ ti rí: opó arúgbó, eyín kò pé, ó pẹ́ láyé ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní abà wa.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni mo fi lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tọ àwọn àgbà ìgbèríko lọ, kí ẹ gba ìrántí wọn sílẹ̀ nípa àwọn eré wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ tán. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré sì fún wa ní ọ̀kan tí yóò tẹ̀lé ìyá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ inú yàrá rẹ̀ lálẹ́, kí a rí ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé àwọn ará ìta Lálúpọn yóò jókòó wò ó dé òpin.